Lẹ́tà ṣíṣí sí Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́ Abẹ́òkúta Grammar School

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àìgbàgbé ilé.

Ọmọbìnrin mẹ́fà ló wọ ilé ìwé yín lọ́dún 1914. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà ṣáájú ìgbà yẹn. Orúkọ tó ṣáájú tiwọn nínú ìwé ni Frances Abigail Thomas, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí ọmọ yẹn dà lẹ́yìn ọ̀la: Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá Fẹlá, ẹni tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sòdí tí wọ́n fi bá owó orí jà.

Àwọn márùn-ún yòókù ni mo torí wọn kọ̀wé sí yín. Ọmọ ta ni wọ́n? Agboolé wo ni wọ́n ti wá? Ṣé wọ́n kàwé parí ni, àbí wọ́n mú wọn relé ọkọ? Ọmọ-ọmọ wọn lè máa tajà ní Kútọ̀ lónìí, kó má mọ̀ pé ìyá ìyá òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà yẹn fún gbogbo ọmọbìnrin ìlú yìí.

Èmi kì í ṣe ọmọ ilé ìwé yín. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan nínú Abẹ́òkúta níbí. Bàbá mi ló jáde lọ́dọ̀ yín. Ohun tí mo wá tọrọ ni pé kí ẹgbẹ́ yín ya àwòrán gbogbo ìwé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣẹ́kù, láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn, kí ẹ sì gba ohùn àwọn àgbà tó ṣì wà láyé sílẹ̀ ní kíákíá. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ohun tí à ń dá dúró de àjọ̀dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹni tó bá máa ka lẹ́tà yìí lẹ́yìn yín. Oṣù kìíní ọdún 1843 ni Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù láti ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, ti kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta. Ọdún 1859 ni wọ́n tẹ ìwé ìròyìn tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròhìn jáde níbí, ní èdè wa. Síbẹ̀, Èkó ni ọmọ Ẹ̀gbá tó bá fẹ́ kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lọ, sí CMS Grammar School tí wọ́n ṣí lọ́dún 1859 yẹn kan náà. Ìfọ́lé 1867 dé, wọ́n lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò nílùú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì bá a lọ. Ó di ọdún 1908 kí ìlú tó ní ilé ẹ̀kọ́ girama tirẹ̀. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ló wà lórí oyè, Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ìjọba ara wọn, wọ́n ní akọ̀wé ìjọba, wọ́n ní ilé ẹjọ́ àti owó àpò ìlú. Ìlú tó ń ṣàkóso ara rẹ̀ ló bí ilé ìwé yín, ó sì dùn mí pé a kì í sábà sọ ọ́ báyìí fún àwọn ọmọ.

Ọdún 1914 ni gbogbo rẹ̀ dàrú. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn ṣọ́jà yìnbọn lu àwọn ará Ìjẹmọ̀, àdúgbò kan nínú Abẹ́òkúta níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí òyìnbó fi gba òmìnira Ẹ̀gbá. Ọdún tí ojú ìlú pọ́n tó báyìí ni àwọn òbí kan mú ọmọbìnrin wọn dání, tí wọ́n ní kó lọ jókòó sí kíláàsì láàárín àwọn ọkùnrin. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ro ohun tí àwọn ará àdúgbò máa sọ sí irú òbí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ gan-an.

Ti àwọn ẹni ńlá kò ṣòro. Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé náà nígbà tí wọ́n ṣí i; ó padà wá di ọ̀gá níbẹ̀ lọ́dún 1932, ó sì wà lórí àléfà títí di 1954. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1931. Gbogbo àwa tí à ń gba owó oṣù olùkọ́ lónìí jẹ ẹ ní gbèsè ọpẹ́. Olóyè Simeon Adebo kọjá níbẹ̀, àwọn ọmọ Kuti, Olikoye, Fẹlá àti Beko, kọjá níbẹ̀, Wọlé Ṣóyínká náà kàwé níbẹ̀ kó tó lọ sí Government College Ìbàdàn lọ́dún 1946. Àwọn orúkọ wọ̀nyí kò lè sọnù. Ìwé àwọn Kuti wà ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ kà á lè lọ kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Inú ọgbà ilé ìwé ni ìdílé Kuti ń gbé. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ogun Hitler parí, àwọn ìyá ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Fúnmiláyọ̀, ìyàwó ọ̀gá, láti kọ́ a, b, d. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ lẹ́tà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ojú wọn ń rí: bí ìjọba ṣe ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn oníṣòwò. Lọ́dún 1946, wọ́n di ẹgbẹ́ ńlá. Lọ́dún 1947, wọ́n tú jáde lọ sí ààfin. Nígbà tó fi di oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì ti fi oyè sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà sórí oyè nígbà tó yá. Gbogbo àgbáyé ló ń kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sùn nínú ọgbà yẹn nígbà náà rí àwọn ìyá yìí lójú ara wọn, wọ́n gbọ́ orin ẹnu wọn, bóyá wọ́n tilẹ̀ bá wọn gbé àga. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ́dún 1947 ti lé ní àádọ́rùn-ún báyìí. Ta ló ti jókòó tì í, tó bi í pé, bàbá, kí lẹ rí?

Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ìwé orúkọ lásán ni mò ń lépa. Mo ti fọwọ́ kan ọ̀kan rí, ní ilé ìwé kan tí n kò ní dárúkọ. Ìwé ńlá ni, ó tó apá méjì ní ìbú tí wọ́n bá ṣí i, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ aṣọ pupa tó ti ṣá. Wọ́n fi ìlà pín ojú ewé kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà, orúkọ, ọjọ́ tí ọmọ wọlé, orúkọ òbí, iṣẹ́ òbí, ìlú, ìjọ, kíláàsì, ọjọ́ tó kúrò, àti àyè tóóró kan ní ìpẹ̀kun fún ohun tí ọ̀gá bá fẹ́ sọ. Tàdáwà rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì. Lábẹ́ iṣẹ́ òbí, mo rí àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, oníṣòwò kòkó, katikíìsì, akọ̀wé rélùwéè. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí aláró, ẹlẹ́kọ, aláṣọ. Àwọn ìyá nìyẹn. Wọ́n kọ orúkọ ìyá síbẹ̀ nítorí pé ìyá ló ń san owó. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ pé bàbá ló rán àwọn ará ìgbà yẹn ní ìwé, ẹ̀rí wà níbẹ̀ pé aró àti ẹ̀kọ ló rán ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ikán ti wọ igun ìsàlẹ̀ ìwé náà ní apá ọ̀tún. Ó jẹ ẹ́ láti ìgbátí dé ìgbátí, tó fi jẹ́ pé ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ mẹ́fà méje tó wà nísàlẹ̀ kò ní ọjọ́ ìkúrò mọ́. Wọ́n wọ ilé ìwé, a ò sì mọ ìgbà tí wọ́n jáde. Ọ̀gá ilé ìwé náà ò burú o. Kò ní kọ́bọ́ọ̀dù tó dáa, òjò ń jò sí ọ́fíìsì rẹ̀, ìwé tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù ló gba gbogbo tábìlì. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni irú iṣẹ́ yìí tọ́ sí.

Ìwé nìkan kò sì tó. Bàbá mi wọlé sọ́dọ̀ yín lọ́dún 1950, nígbà tí ilé ìwé ṣì wà ní Ìgbẹ̀ìn, kí wọ́n tó kó lọ sí Ìdí-Aba. Ó ṣì wà láyé, ọkàn rẹ̀ sì jí pépé ní òwúrọ̀. Mo gbé fóònù síwájú rẹ̀, mo tẹ ibi tí à ń tẹ̀ kó gba ohùn, mo sì ń bi í léèrè. N kò bi í nípa ẹni ńlá kankan. Mo ní, bàbá, báwo lẹ ṣe ń dé ilé ìwé?

Láfẹ́nwá ni wọ́n ń gbé. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láràárọ̀, bàtà á wà lọ́wọ́ kí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ má baà jẹ, ó di ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kó tó nu ẹsẹ̀, kó tó wọ̀ ọ́. Tí òjò bá rọ̀ ní òru, Odò Ògùn á kún, afẹ́fẹ́ orí afárá á máa fẹ́ ṣòkòtò kàkí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń di mọ́ínmọ́ín fún un nínú ewé. Àwọn tó ń gbé inú ọgbà kì í rí mọ́ínmọ́ín gidi jẹ lọ́dọ̀ alásè, ni wọ́n bá ń fi Látìnì ṣe pàṣípààrọ̀: ẹni tó bá mọ Látìnì á bá bàbá mi ṣe é ní àkókò oúnjẹ, bàbá mi á gé mọ́ínmọ́ín sí méjì. Ó rántí Látìnì yẹn títí di òní, ó sì kà díẹ̀ sí mi létí. Ó sọ nípa ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ń gé koríko, bí àdá ṣe ń pa ọwọ́ lára fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dì mú. Ó sọ nípa ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà láàárín wọn àti Baptist Boys' High School, ilé ìwé tí Abíọ́lá àti Ọbásanjọ́ wà nígbà náà, bí gbogbo àdúgbò á ṣe pa ọjà tì wá wò wọ́n.

Lẹ́yìn náà ló dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ọmọ náà mọ ìṣirò ju gbogbo wọn lọ. Lẹ́yìn ìsinmi Kérésì kan, kò padà wá. Bàbá rẹ̀ ti kú, àwọn ẹbí ní kó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìbarà. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó bàbá mi. Nígbà tó ń wọ̀n ọ́n, kò lo ìwé. Ó ń ṣe gbogbo ìṣirò náà lórí, ó sì ń pè é jáde bí ẹni tó ń dá olùkọ́ lóhùn. Bàbá mi ní àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ń ro òun.

Ohun tó máa wà níwájú orúkọ ọmọ yẹn nínú ìwé yín kò lè ju ọjọ́ tó kúrò lọ. Ìwé ló máa sọ ọjọ́ fún wa, àgbà ló máa sọ ìdí. Bí ìwé bá nìkan wà, a máa rò pé ó sá kúrò tàbí pé kò lè ka ìwé. Bí àgbà bá nìkan sọ ọ́, ọdún lè yí pa dà mọ́ ọn lẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe méjèèjì pọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé òrùlé ló kàn, àga ló kàn, omi ló kàn. Òótọ́ ni, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ nínú kíláàsì tó ń jò kò lè jiyàn. Àmọ́ iṣẹ́ yìí kò gba owó òrùlé. Fóònù tí ẹ fi ń ya fọ́tò níbi ìnáwó ti tó láti ṣe é. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé ní ojúmọmọ, kí ẹnì kan ṣí ìwé, kí ẹnì kejì yà á. Ẹ ya ẹ̀yìn ìwé, ẹ ya ojú ewé tí wọn kò kọ nǹkan sí pẹ̀lú, torí ìwé pélébé máa ń wà láàárín rẹ̀. Ẹ má gbé ìwé náà relé ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ààrẹ ẹgbẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ilé ìwé, kí ẹgbẹ́ mú ọ̀kan, kí ẹ fi ìkẹta ránṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìwé àwọn CMS wà. Iná kan kò lè jó ibi mẹ́ta pọ̀.

Ní ti ohùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ Ẹ̀gbá ẹnu wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé nígbà náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà; kò yẹ ká tún mú wọn sọ ìgbà èwe wọn ní èdè àlejò nígbà tí wọ́n ti darúgbó. Ẹ bi wọ́n nípa oúnjẹ, nípa bàtà, nípa ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, nípa àìsàn, nípa ìyà tí wọ́n jẹ àti ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn kékeré. Kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ wọn jókòó tì wọ́n. Bí àgbà bá ní ohun kan tí òun kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ àfi lẹ́yìn ikú òun, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ wá alásè pẹ̀lú, ẹ wá ọlọ́dẹ, ẹ wá ẹni tó ń lu agogo. Wọ́n mọ ilé ìwé ju ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Ohun kan ń bà mí lẹ́rù: kí wọ́n má kó gbogbo rẹ̀ sórí Facebook lọ́jọ́ kan. Àyè tóóró tó wà ní ìpẹ̀kun ojú ewé yẹn, ọ̀rọ̀ ìtìjú lè wà níbẹ̀: ẹni tó jẹ owó, ẹni tó jalè, ọmọbìnrin tó lóyún. Àwọn ọmọ wọn wà láyé. Ẹ gbé ìgbìmọ̀ kékeré kalẹ̀ tó máa pinnu ohun tí a lè fi hàn báyìí àti èyí tó máa dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kó parí sí àwọn tó jáde ṣáájú òmìnira nìkan. Nígbà tí ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN sọ ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ lọ́dún 1979, tí Olóyè Bísí Ọnàbánjọ jẹ́ gómìnà ní Ògùn, ọmọ ya wọ ilé ìwé ìjọba bí omi. Mo wà lára wọn, níbòmíràn. A pọ̀ débi pé ojú fèrèsé ni mo ti kọ́ ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ìgbà yẹn ni ilé ìwé bàjẹ́, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú gbogbo obìnrin ìdílé wa. Irú mi pọ̀ lọ́dọ̀ yín, tí wọn kì í yọjú sí ìpàdé ẹgbẹ́ torí wọ́n rò pé ẹgbẹ́ àwọn ẹni ńlá ni. Ẹ pè wọ́n. Ìwé orúkọ tiwọn náà wà níbẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé tiwọn ni ikán máa kọ́kọ́ jẹ, torí kò sẹ́ni tó kà á kún ohun ìtàn.

Ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò ní ilé ìwé fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ báyìí lè dárúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal láti orí aṣọ́lé dé orí agbábọ́ọ̀lù-sáwọ̀n, wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹmọ̀. Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀, ó sì ti fọwọ́ sí i: ní ìsinmi oṣù kẹjọ, èmi àti àwọn ọmọ SS2 mi tí òbí wọn bá gbà ṣe tán láti wá ràn yín lọ́wọ́. Wọ́n mọ fóònù lò jù mí lọ. Wọ́n lè ya ìwé, wọ́n lè bá àgbà jókòó, wọ́n sì lè tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Mo ti ń kọ́ wọn. Oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀ wọn nìkan ni mo máa bẹ̀ yín fún.

Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ohun tí ẹ máa jíròrò ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ akọ̀wé yín. Bàbá mi ní òun náà fẹ́ wá, tí ẹ bá lè wá àga tó ní ìgbọ́wọ́lé fún òun.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ olùkọ́,

Olùkọ́ ìtàn kan ní Abẹ́òkúta